Ìgò Mẹ́ta, Gílóòbù Kan

"Ẹ̀rọ tìrẹ yìí, irọ́ ló ń pa," ni Orrin Kittredge wí, ó sì gbé ìgò sírọ́ọ̀pù rẹ̀ ka orí tábìlì Verna Thibault bí ẹni tó gbé ẹ̀rí síwájú adájọ́.

Verna kò tètè gbójú sókè. Ó ń kọ orúkọ ẹni ìkẹyìn sínú ìwé. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ti kọjá díẹ̀. Ìgò mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ti wọ̀n láti àárọ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, kọfí tó bù sínú ife ní agogo mẹ́wàá sì ti di omi tútù níwájú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fẹnu kàn án.

"Bọ̀dá Orrin, ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ló fi dá a lóhùn. "Ẹ̀rọ kì í purọ́. Èèyàn ló ń purọ́."

Orrin ṣí fìlà òwú rẹ̀, ó tún dé e padà. "Ta lò ń bá wí?"

"Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Mo kàn sọ̀rọ̀ ni."

"Mọ́kànléláàádọ́rin lo kọ fún mi! Èmi! Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo ti ń se sírọ́ọ̀pù nílùú yìí, mi ò bọ́ sí Pupa rí. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sè ló wà ní Pupa."

"Pupa ò burú. Ó dùn lórí páńkéèkì ju Wúrà lọ, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mi ò bi ọ́ nípa páńkéèkì!"

Ní Wescott Mills, ní àríwá Vermont, bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lóṣù Kẹta, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ilé tí wọn kì í lu ihò sára igi mápù kí wọ́n gba oje rẹ̀. Wọn a se oje náà títí yóò fi ki bí oyin, bó bá sì di oṣù Kẹrin, kálukú a gbé tirẹ̀ wá sí ìdíje. Ọ̀rọ̀ adùn kì í fa wàhálà, nítorí ahọ́n oníkálukú ló ń dájọ́ fún un. Àwọ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀, torí pé ẹni tí sírọ́ọ̀pù rẹ̀ bá mọ́ jù lọ ló ń gba rìbọ́ọ̀nù búlúù. Kí ìjà lè dínkù ni ẹgbẹ́ àwọn onímápù ṣe ra ẹ̀rọ awọnmọ́lẹ̀. Gílóòbù kan wà ní ìhà kan rẹ̀, ojú kan wà ní ìhà kejì. Wọn a ki ìgò kékeré onígun mẹ́rin bọ àárín, ojú náà a sì ka ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó rí ọ̀nà kọjá. Gilisirínì tí kò láwọ̀ rárá ni wọ́n ń pè ní ọgọ́rùn-ún. Sírọ́ọ̀pù tó bá gba márùndínlọ́gọ́rin sókè, Wúrà nìyẹn. Tó bá kéré sí i, Pupa. Ìsàlẹ̀ ìyẹn ni Dúdú, tí kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ sọ pé òun lòun ni ín.

Verna ni alábòójútó ẹ̀rọ náà. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní sáyẹ́ǹsì kó tó fẹ̀yìn tì, ìdajì àwọn tó ń tò síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìgò lọ́wọ́ ló sì ti gba òdo lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọdún kẹrìnlá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ nìyí. Kò tíì sí ẹni tó wá sọ fún un lójú pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́," ni Verna wí, ó pa ìwé dé, "kí ló ń bí yín nínú gan-an?"

"Hollis gba méjìdínlọ́gọ́rin."

"Ó gbà á lóòótọ́. Ó tètè dé láàárọ̀, ó gbà á, ó lọ."

"Tèmi ò lè kéré sí ti Hollis."

Hollis ni àbúrò Orrin, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Odi òkúta kan ló pààlà sáàárín igbó mápù àwọn méjèèjì. Ọdún mọ́kànlá rèé tí wọn ò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí àkàbà kan tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Bí Orrin bá ní nǹkan pàtàkì láti sọ fún Hollis, ẹni tó ń pín lẹ́tà ló máa ń rán.

"Kí ló dé tí tiyín ò fi lè kéré sí tirẹ̀?"

"Nítorí pé wọ́n jọra."

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n jọra? Ẹ ti tọ́ ti Hollis wò ni?"

"Ta ló máa tọ́ ti Hollis wò!" Etí Orrin pọ́n kanrin. "Ilẹ̀ bàbá wa ni. Gbòǹgbò igi ọ̀hún ń gba abẹ́ odi kọjá. Igi ò mọ̀ pé à ń jà."

Ẹ̀rín pa Verna. Ó fa ìgò gilisirínì mọ́ra. "Ẹ jókòó síbí, Bọ̀dá Orrin. Ẹ máa wo nọ́ńbà yìí dáadáa. Ọgọ́rùn-ún ló máa sọ. Bó bá ti sọ ọ́ báyìí, kí ẹ máa lọ sílé lọ bá ìyàwó yín, kí n lè rí nǹkan fi sẹ́nu."

Ó ki gilisirínì bọ inú ẹ̀rọ. Nọ́ńbà sáré díẹ̀, ó dúró. Àádọ́rùn-ún ni, àti ìdá díẹ̀.

Verna yọ ìgò náà, ó fi aṣọ nu ún, ó tún kì í padà. Àádọ́rùn-ún. Ó pààrọ̀ ìgò, ó bu gilisirínì mìíràn. Àádọ́rùn-ún.

Orrin na ọrùn. "Ṣé ọgọ́rùn-ún nìyẹn? Èmi ò kúkú lọ yunifásítì."

Àṣìṣe tó ṣe ti yé Verna. Òfin ni pé bí a bá ti wọn ìgò mẹ́wàá, ká padà sídìí gilisirínì ká wò ó bóyá ọgọ́rùn-ún ṣì ni ọgọ́rùn-ún. Verna fúnra rẹ̀ ló kọ òfin náà, tó tún lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yẹn, èrò ti tò dé inú yìnyín níta, àwọn àgbàlagbà ń kùn pé ẹsẹ̀ ń dùn àwọn, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé òun àti ẹ̀rọ yìí ti mọwọ́ ara àwọn. Agogo mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fojú kan gilisirínì mọ. Láti ìgbà náà ni gílóòbù ti ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àgbà tó ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì tí ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tí kò mọ̀. Gílóòbù ló ń rẹ̀, ẹ̀rọ rò pé sírọ́ọ̀pù ló ń dúdú. Ẹni tó bá sì ṣe pẹ́ kó tó dé, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ṣe burú tó.

"Ẹ jẹ́ n tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí.

Kò tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí gílóòbù fi dún pó, tó sì kú fin-ín-fin-ín.

Orrin gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Mi ò fọwọ́ kàn án o."

Priscilla Boudreau ló wọlé ní àkókò yẹn, fóònù méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni alága ètò ìdíje, ó ti tó ẹni ogójì ọdún, Verna sì ti kọ́ ọ ní kíláàsì méjì. "Mà, ṣé orúkọ ti pé? Mo fẹ́ kọ ọ́ sórí pátákó. Àwọn tẹlifíṣọ̀n ti sọ pé àwọn ń bọ̀ lọ́la, agogo méjìlá géérégé!"

Verna sọ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Bó ti ń sọ ọ́ ni ojú Priscilla ń funfun, tó sì ń funfun sí i, bí ẹni pé òun gan-an ló fẹ́ gba rìbọ́ọ̀nù búlúù.

"Gílóòbù mìíràn ńkọ́, mà?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa tó dé."

Priscilla wo ẹ̀yìn, ó sún mọ́ ọn. "Ta ló mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

"Mo ní ẹlòmíì."

Verna wo àga tí Orrin jókòó sí. Ó ti ṣófo. "Bọ̀dá Orrin fura. Ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń fura sí oòrùn pàápàá."

"Ó ti tán nìyẹn! Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Sírọ́ọ̀pù ṣáà ni, kì í ṣe ìbò. Ẹni tó bá wà ní Pupa, kó gbà pé kádàrá ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Verna létí dáadáa, ká má purọ́. Ọdún mẹ́rìnlá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lóòótọ́, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n bó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni ojú Tamsin Pelkey wá sí i lọ́kàn.

Tamsin àti ọkọ rẹ̀ ti ìlú ńlá Boston wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ra ilẹ̀ kan lórí òkè, gbogbo ìlú sì ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ní ọdún àkọ́kọ́ wọn, igi tí kì í ṣe mápù rárá ni wọ́n lu, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n fi dúró tì í pẹ̀lú garawa. Lónìí, ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, obìnrin náà gbé ìgò tirẹ̀ wá. Ẹ̀rọ sọ pé mẹ́rìnléláàádọ́rin. Oókan péré ló fi pàdánù Wúrà. Kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó gbé ìgò náà sí ojú fèrèsé, ó sì wò ó bí ìyá ti ń wo ọmọ tó mú káàdì ilé ìwé tí kò dára wálé. Verna náà wo ìgò yẹn nígbà náà. Ó rí i pé ó mọ́ gaara. Ó sì fi ojú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ti ẹ̀rọ gbọ́.

"Rárá o," ni Verna wí. "Màá tún un ṣe."

"Pẹ̀lú gílóòbù wo, mà?"

"Pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Mo kọ aago tí mo wọn ìgò kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Nísinsìnyí ó jẹ́ àádọ́rùn-ún. Bí mo bá mọ iye tó jẹ́ ní aago tí wọ́n wọn ti oníkálukú, màá fi pín nọ́ńbà rẹ̀, ohun tí gílóòbù jí lọ́wọ́ rẹ̀ á sì padà sí i lọ́wọ́."

"Ẹ tètè pín in nígbà náà!"

"Níbẹ̀ ni wàhálà wà. Mo mọ ìbẹ̀rẹ̀, mo mọ òpin, mi ò mọ àárín. Ṣé díẹ̀díẹ̀ ló ń wálẹ̀ láti àárọ̀, àbí ó dúró digbí títí di ọ̀sán kó tó já lulẹ̀? Bí mo bá fi èkíní ṣe é tó sì jẹ́ èkejì, màá tún yan ẹlòmíì jẹ ni. Ká ní mo wọn sírọ́ọ̀pù kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ ni, ì bá hàn sí mi. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbé sírọ́ọ̀pù kan náà wá lẹ́ẹ̀mejì?"

Ọ̀kan nínú fóònù Priscilla dún. "Àwọn tẹlifíṣọ̀n nìyí! Mà, ẹ ronú sí ohun tí mo sọ o," ó wí, ó sì sáré jáde.

Lẹ́yìn náà, láàárín àwọn kóòtù tí wọ́n fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ẹnì kan wúkọ́.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta," ni ohùn náà wí.

Verna dìde fùú. "Ta nìyẹn?"

Orrin yọrí láàárín àwọn kóòtù. Ó ti di fìlà mú lọ́wọ́. "Ẹ̀ẹ̀mẹta lo wọ̀n ọ́n."

"Kí ni mo wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Sírọ́ọ̀pù kan náà. Ti Hollis láàárọ̀. Èyí tí Edna ìyàwó mi gbé wá lọ́sàn-án. Èyí tí èmi gbé wá." Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́. "Àgbá kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti wá."

"Àgbá ta ni?"

Orrin wo ilẹ̀. "Ta ni ò ń bèèrè! Àgbá Hollis ni."

Verna jókòó padà jẹ́jẹ́. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń wá, ó sì mọ̀ pé bí òun bá rẹ́rìn-ín báyìí, bàbá náà kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ó bu kọfí tútù mu kí ẹnu rẹ̀ lè ríṣẹ́ ṣe.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi, Bọ̀dá."

"Páànù tí mo fi ń se oje jó," ni Orrin wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ pé ẹnì kan kú. "Lọ́jọ́rú. Mo jókòó ti iná, oorun gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, ohun gbogbo ti di èédú. Ìdí páànù ti lu. Ọdún méjìléláàádọ́ta, Verna! Mi ò pa ìdíje kan jẹ rí. Hollis lọ kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo gba orí odi kọjá, mo bu ìgò méjì."

"Èwo wá ni ti Edna?"

"Mo kọ orúkọ rẹ̀ sára ìkejì, kí n lè ní oríire méjì. Bí ọ̀kan bá tàsé, ọ̀kan á bà á."

"Ṣé Edna mọ ibi tó ti wá?"

"Edna kò sí ohun tí kò mọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn gbé ìgò, ó ní òun ń lọ. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí."

Verna ti ń ṣí ìwé. Hollis Kittredge, agogo mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, méjìdínlọ́gọ́rin. Edna Kittredge, agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, márùndínlọ́gọ́rin ó ku bíńtín. Orrin Kittredge, agogo mẹ́ta ààbọ̀, mọ́kànléláàádọ́rin àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ó fa ìlà sórí ìwé, ó to aago sí ìsàlẹ̀, ó to ìmọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó sọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì fi pẹ́ńsùlù tẹ àmì mẹ́ta. Ó fi gilisirínì àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kún un. Ó gbé rúlà lé e.

Àmì márààrún dúró lórí ìlà kan ṣoṣo bí ẹyẹ lórí wáyà iná.

"Díẹ̀díẹ̀ ni!" ni Verna ké. "Ní gbogbo àádọ́ta ìṣẹ́jú, ó ń pàdánù ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Bọ̀dá Orrin, olè tó wúlò lẹ jẹ́!"

"Má pariwo," ni Orrin wí.

Verna ṣírò títí iná ojú pópó fi tàn. Orrin kò lọ sílé. Ó ń ka aago sókè fún un, Verna ń pín, ó ń kọ. Bí wọ́n ti ń lọ ni àwọn tó dé lọ́sàn-án ń gòkè, mẹ́sàn-án nínú wọn kúrò ní Pupa, wọ́n bọ́ sí Wúrà. Nígbà tí wọ́n dé orúkọ Tamsin Pelkey, Verna ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ọgọ́rin ó lé díẹ̀. Kò sí ẹni tó tó o.

"Àwọn ará Boston yẹn?" ni Orrin wí. "Àwọn tó lu igi óòkù?"

"Àwọn náà ni."

"Ayé ti bàjẹ́." Ó tẹ ìka mọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé. "Ṣé o máa sọ fún wọn lọ́la? Ọ̀rọ̀ tèmi?"

"Màá sọ ti gílóòbù, torí ẹ̀bi mi ni. Ti àgbá, ẹnu yín ló yẹ kó ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: mi ò ní parọ́ bo ìgò yín mọ́lẹ̀. Ẹ fúnra yín lẹ máa wá yọ ọ́ kí agogo méjìlá tó lù."

"Bí mi ò bá yọ ọ́ ńkọ́?"

"Màá ka nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè bí wọ́n ṣe rí. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Hollis lè jẹ́ alágídí, àmọ́ kì í ṣe òmùgọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, gbọ̀ngàn ìlú kún débi pé àwọn kan jókòó sí ojú fèrèsé. Òórùn páńkéèkì àti bọ́tà gba gbogbo ilé. Níta, wọ́n ń da sírọ́ọ̀pù gbígbóná sórí yìnyín, àwọn èèyàn ń fi fọ́ọ̀kì wé e jẹ, wọ́n ń fi kùkúńbà oníkíkan pa adùn rẹ̀ lẹ́nu. Verna wo ẹnu ọ̀nà láti agogo mẹ́wàá. Orrin dé ní mọ́kànlá, ó jẹ páńkéèkì mẹ́fà, kò wá sídìí tábìlì. Hollis wà ní òdìkejì gbọ̀ngàn, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Agogo méjìlá lù. Orrin ṣì wà lórí àga rẹ̀, ó ń wo àwo rẹ̀ tó ti ṣófo bí ẹni tó ń ka lẹ́tà.

Priscilla gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún Verna. "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́," ló wí sí i létí. Kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n ti dojú kọ wọ́n.

"Ẹ káàsán," ni Verna wí. "Nọ́ńbà tí ẹ gbà lánàá, àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣe é. Èmi ni. Ó yẹ kí n máa yẹ gílóòbù wò, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rẹ̀ ẹ́, ó ń tàn díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ pẹ́ dé lẹ sì jìyà rẹ̀. Mo ti ṣe àtúnṣe sí i. Ìṣirò rẹ̀ wà lára ògiri yẹn, ẹni tó bá fẹ́ kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò."

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn pariwo pé, "Tíṣà Thibault, ṣé ẹ lè wá tún máàkì mi ti kíláàsì kẹsàn-án ṣe náà?" Ilé dà wó fún ẹ̀rín. Ara Verna tú pẹ̀sẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ti di ara òun bẹ́ẹ̀ láti àná.

Ó pe Tamsin Pelkey sí ipò kìíní. Tamsin wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Tamsin mìíràn wà níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé, ó fò sókè, àwo páńkéèkì rẹ̀ dojú dé ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó tì í. Obìnrin náà jáde, ó gba rìbọ́ọ̀nù búlúù, ó kàn ń mi orí ṣáá.

"Ipò kejì," ni Verna wí. Ó wo Orrin. Orrin kò gbójú sókè. "Ipò kejì, ẹni mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Hollis Kittredge, méjìdínlọ́gọ́rin àti ààbọ̀. Edna Kittredge, méjìdínlọ́gọ́rin àti ààbọ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Orrin Kittredge, méjìdínlọ́gọ́rin àti ààbọ̀."

Wọ́n pariwo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú Priscilla dùn ju ti gbogbo èèyàn lọ. Ó já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà. "Ẹ̀jẹ̀ kan náà! Ẹ gbọ́, ẹ̀jẹ̀ kan náà kì í purọ́! Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ìyàwó ilé, ẹ bọ́ síwájú, ká ya fọ́tò! Ẹ di ọwọ́ ara yín mú!"

Hollis ti yíjú padà. Kò pàtẹ́wọ́. Ó ń wo ìgò mẹ́ta tó wà lórí tábìlì, ó wo èkíní, ó wo èkejì, ó wo ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Orrin dìde. Ó pẹ́ kó tó dé iwájú, orúnkún ń dùn ún, fìlà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìgò tirẹ̀, ó gbé ti Edna, ó tẹ̀ wọ́n mọ́ àyà.

"Ẹ yọ tèmi," ló wí. "Ẹ yọ ti Edna náà. Sírọ́ọ̀pù Hollis ni. Mo jí i."

Kíkùn gba ilé.

"Páànù mi ló jó," ni Orrin wí.

Báyìí ni gbogbo gbọ̀ngàn wá ké "Háà!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá àgbà kan fọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin méjì ṣí fìlà. Olè jíjà ṣeé gbọ́ sétí ní Wescott Mills, ṣùgbọ́n kí páànù jó mọ́ àgbàlagbà bí Orrin Kittredge lọ́wọ́!

Láti ẹ̀yìn, Edna, obìnrin kúkúrú kan tó wọ súẹ́tà pupa, sọ sókè gbọnmọgbọnmọ pé, "Mo ní kó má jókòó ti iná lẹ́yìn tó bá jẹun tán. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo ti ń sọ ọ́."

Hollis ti ń bọ̀. Àwọn èèyàn ń ya fún un. Ó dúró síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó la ẹnu, bí ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí láti ọjọ́ pípẹ́.

"Àgbá wo lo ti bù ú?"

"Èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé."

"Ọ̀dẹ̀," ni Hollis wí. "Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló mọ́ jù. Mo fi í pamọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi. Bó o bá bu ìyẹn ni, ò bá na ará Boston yẹn."

"Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? Ṣé o kọ ọ́ sára rẹ̀ ni?"

"O kò ṣe bèèrè?"

"Mo fẹ́ jí i, kí n wá bèèrè? Àti pé ìwọ lo ní kí n má bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́!"

"Èmi? Ìwọ lo ní kí n má bá ọ sọ̀rọ̀!"

"Nígbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ní ẹnu ọ̀nà ìdáná màmá. O di kẹ́tùlù mú lọ́wọ́!"

"Kì í ṣe kẹ́tùlù! Agolo ni!"

Priscilla ń fọwọ́ pe oníkámẹ́rà pé kó pa á, oníkámẹ́rà sì ń sún mọ́ wọn sí i. Ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá ló kún inú àwọn bàbá méjèèjì, kò sì sí èyí tí ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kó ṣẹ́ kù. Wọ́n ti kúrò lórí agolo, wọ́n ti dé orí ìsìnkú bàbá wọn àti ẹni tó fara ti ọkọ̀ ẹnì kejì.

Verna dúró, ó fetí sílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa àga méjì wá, ó gbé ọ̀kan sẹ́yìn Orrin, ó gbé ọ̀kan sẹ́yìn Hollis. Wọ́n jókòó láì wo ẹni tó gbé e wá, wọn ò sì dákẹ́ ọ̀rọ̀. Ó gba ìgò méjì náà jẹ́jẹ́ kúrò láyà Orrin kó lè ráyè máa ju ọwọ́, ó gbé wọn ka orí tábìlì, ó sì lọ tò sí ìlà páńkéèkì.